Kí A Tó Mú Ìgbálẹ̀

Bí kọ̀ǹpútà ilé bá kọ̀ tí kò tàn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó bá wà nítòsí. Ẹnì kan á ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n lọ fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ìyẹn kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Ẹnì kẹta, ohùn tirẹ̀ ló sì ń borí láyé ìsinsìnyí, á ní kí a lọ gba sọ́fítíwíà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbá inú kọ̀ǹpútà mọ́, pé gbogbo rẹ̀ á yanjú. Ìdáhùn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó tíì béèrè nǹkan kan. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú kò sì gùn rárá: níbo ló ti dúró?

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ọ̀gá tó ń retí mi láàárọ̀, mo sì láàyè láti jókòó ti ẹ̀rọ yìí kí n máa wo bó ṣe ń jí. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi àsìkò yẹn lọ po tíì, wọ́n á ní bó bá ṣetán á ṣetán. Èmi rí i pé kò sí ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí tó ìṣẹ́jú tó ń jí yẹn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe ń lọ. Iná ló ń kọ́kọ́ wọlé, fáànù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Lẹ́yìn náà ni ètò kékeré kan á jí, èyí tó ń gbé inú pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà so mọ́. BIOS ni orúkọ rẹ̀ láyé àtijọ́. UEFI ló gba ipò rẹ̀ lára àwọn tuntun. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó yẹ ara ẹ̀rọ wò: ṣé RAM, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, wà níbẹ̀, ṣé kíbọọ̀dù wà, ṣé ohun tó ń gbé àwòrán sójú gíláàsì ń ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò yìí ti wà lára kọ̀ǹpútà àdáni tí IBM gbé jáde ní 12 oṣù Kẹjọ 1981. Bí gbogbo nǹkan bá pé, ẹ̀rọ náà á ké ṣókí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ké gígùn kan, tó wá fi kúkúrú méjì tẹ̀ lé e, ìṣòro wà níbi àwòrán. Lónìí, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bí tirẹ̀ ṣe ń ké, ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù ni kò sì ké mọ́; iná kékeré ara wọn ló ń ṣẹ́jú dípò igbe.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, BIOS á wá ibi tí Windows, ètò tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà, wà lórí hard disk tí fáìlì ń gbé, á fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Windows á wá kó àwọn driver jọ, ìyẹn àwọn fáìlì tó fi ń bá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Á béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán ni àwọn ètò tó ti forúkọ sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ máa jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà á wá ya wọlé: èyí tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì, èyí tó ń bá yín gbé fáìlì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti àwọn mìíràn tí ẹ ò rántí ọjọ́ tí ẹ gbà wọ́n sílé.

Gbogbo èyí ló fi jẹ́ pé gbólóhùn náà, pé kọ̀ǹpútà mi ò ṣiṣẹ́, kò tíì sọ nǹkan kan. Bí kò bá sí iná, tí fáànù kò mí, ọ̀rọ̀ náà wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ní wáyà, ní ṣájà, tàbí níbi ohun tó ń pín iná nínú àpótí. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣájà mìíràn tó bá a mu dán an wò kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Bí fáànù bá ń yí ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú, RAM ni àwọn oníṣẹ́ Computer Village n'Íkẹjà sábà máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Wọ́n á yọ iná kúrò pátápátá, wọ́n á yọ RAM, wọ́n á fi ìrésà tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò nu ẹnu rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, wọ́n á gbọn ẹ̀kúnná rẹ̀ dànù, wọ́n á sì kì í padà títí tí yóò fi ró. Mo ti rí i tí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò rà á gẹ́gẹ́ bí àlòkù jí padà nípa ìyẹn nìkan. Ekuru ọyẹ́ àti ọ̀rinrin òjò wa kì í jẹ́ kí ẹnu irin wọ̀nyẹn mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Bí aago àti ọjọ́ bá ń padà sí ọdún tó ti pẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ iná, bátìrì pẹlẹbẹ kan bí owó ẹyọ ló kú. CR2032 ni wọ́n kọ sí i lára, agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 3, kò sì wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka aago tó ṣìnà sí, wọn ò mọ̀ pé òun ló ń jẹ́ kí ojú òpó báńkì àti ti ímeèlì kọ̀ láti ṣí. Àwọn ojú òpó wọ̀nyẹn ní ìwé ẹ̀rí ààbò tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Bí kọ̀ǹpútà yín bá gbà pé ọdún 2009 ni a wà, ìwé ẹ̀rí tòní kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀. Ènìyàn á máa bú àwọn tó ń ta dátà, bẹ́ẹ̀ bátìrì kékeré ló ń jẹ gbèsè.

Bí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ sójú gíláàsì pé òun ò rí ohun tí òun fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ná bóyá ẹnì kan gbàgbé fláàṣì síbẹ̀. Ibẹ̀ ló lè lọ wá Windows, kò sì ní bá a. Bí kò bá sí fláàṣì, ẹ tẹ́tí sí hard disk. Hard disk àtijọ́ ní àwo tó ń yí nínú rẹ̀, ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, orí kékeré kan sì ń rá bàbà lókè rẹ̀ láì fara kàn án. Bó bá ń kan kọ́, kọ́, kọ́, ẹ má ṣe dá a dúbúlẹ̀ fún àtúnṣe kankan kí ẹ tó kó ohun tó ṣe pàtàkì sí yín kúrò nínú rẹ̀. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tí sọ́fítíwíà agbálẹ̀ lè fọwọ́ kàn. Orí Windows ni irú wọn ti ń ṣiṣẹ́, Windows kò sì tíì dé nínú ọ̀pọ̀ wọn. Síbẹ̀ mo ti rí ẹni tó sanwó fún un lórí fóònù rẹ̀, tó ń retí ìgbà tí kọ̀ǹpútà yóò tàn kó lè fi gbá a.

Nílé tiwa, ọ̀nà kan tún wà tí ìṣòro fi ń wọlé, tí àwọn tó kọ ìwé ìtọ́sọ́nà ní ìlú òyìnbó kì í rò tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2013 ni ìjọba ti fa pípín iná mọ̀nàmọ́ná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, àmọ́ NEPA ni a ṣì ń pè é, torí pé bó ṣe ń lọ kò tíì yí padà. Windows lè wà níbi tó ti ń ṣe àtúnṣe sí ara rẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má pa òun, kí NEPA mú iná. Fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ á dá sí méjì. Nígbà tí iná bá dé, á máa yí òòka lójú gíláàsì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fáírọ́ọ̀sì kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. UPS tó dára, ìyẹn àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ, tàbí láàpútọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gba iná dúró, ń dáàbò bo fáìlì ju ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tí wọ́n ń polówó lọ.

Fún irú ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ tí kò lè parí bẹ́ẹ̀, Windows ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan tí wọ́n ń pè ní Safe Mode. Ìwọ̀nba driver tí kò ṣeé máà ní ló ń pè níbẹ̀. Gbogbo àlejò ni yóò dúró síta. Bí kọ̀ǹpútà bá dé Safe Mode láìsí wàhálà, ẹ ti mọ̀ pé Windows gan-an ń mí, pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé e wọlé ló ń dì í lọ́rùn. Láti ọdún 2000 tí Windows Me jáde ni System Restore náà ti wà, èyí tó ń dá ètò ẹ̀rọ padà sí bó ṣe rí ṣáájú ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, láìfọwọ́ kan àwòrán àti ìwé tí ẹ kọ.

Ìwúlò ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yìí hàn sí gbogbo ayé ní 19 oṣù Keje 2024. CrowdStrike, tó ń ta sọ́fítíwíà ààbò fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá, fi àtúnṣe kékeré kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà rẹ̀, àṣìṣe sì wà nínú rẹ̀. Microsoft, tó ṣe Windows, fojú bù ú pé kọ̀ǹpútà Windows 8,500,000 ló kàn. Ojú wọn yí sí búlúù, wọ́n pa ara wọn, wọ́n tún tan ara wọn, wọ́n tún yí sí búlúù. Ọkọ̀ òfuurufú kò gbéra, àwọn ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ síwájú. Oògùn tí wọ́n sì rí fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé kí ènìyàn jókòó síwájú ẹ̀rọ, kó gbé e wọ Safe Mode, kó pa fáìlì kan rẹ́, kó tún un tàn. Fáìlì kan péré. Ká ní wọ́n ti fọ́ọ̀mátì gbogbo wọn ni, ẹ ro bí àdánù náà ì bá ti pọ̀ tó. Ẹni tó mọ ibi tí ẹ̀rọ dúró ló rí oògùn náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wá sórí ìgbálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ohun burúkú. Láti Windows 98 ni Microsoft ti fi Disk Cleanup sínú ọjà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Windows 10 sì mú Storage Sense wá. Wọ́n ń kó àwọn fáìlì onígbà díẹ̀ dànù, àti ìdọ̀tí tí àtúnṣe ńlá fi sílẹ̀. Bí hard disk bá ti kún dé ẹnu tí Windows kò rí ibi yíjú sí, irú ìgbálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ gidi. Ohun tí mò ń bá jà ni èrò pé gbogbo ohun tí ìgbálẹ̀ bá kó ni ìdọ̀tí.

Ọmọ-ọmọ mi kan wá bá mi lálejò. Ó rí i pé ẹ̀rọ mi ń lọ́ra, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí n gbá a fún yín. Sọ́fítíwíà agbálẹ̀ yìí sọ pé àṣìṣe tó wà nínú ẹ̀rọ yín ju ẹgbẹ̀rún lọ."

Mo ní, "O ṣé, ọmọ mi. Dárúkọ ọ̀kan fún mi nínú wọn."

Ó wò ó títí. "Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, sà."

Ohun tí wọn kì í kọ síbẹ̀ náà rè é. Apá kan nínú ẹgbẹ̀rún yẹn ni àwòrán àti ojú ìwé tí bùráúsà ti tọ́jú kó má baà tún lọ gbé wọn wá láti ojú òpó. Dátà tí ẹ fowó rà ló gbé wọn wá nígbà àkọ́kọ́. Ẹ gbá wọn dànù lónìí, ẹ tún fowó ra wọn lọ́la, ojú òpó náà á sì pẹ́ kó tó ṣí. Apá kejì lè jẹ́ fódà Prefetch, tí Windows ti ń lò láti ìgbà XP ní 2001 láti rántí ohun tí ẹ sábà máa ń ṣí, kó lè tètè gbé e. Ẹni tó bá pa á rẹ́ kí ẹ̀rọ lè yá, ó ti pa ohun tó ń mú un yá.

Apá kẹta ni registry, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń polówó ti ń rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Registry dà bí ìwé alájọ. Gbogbo ètò tó wọ inú kọ̀ǹpútà ló ní ojú ìwé tirẹ̀ níbẹ̀: ibi tó ń gbé, bó ṣe fẹ́ kí nǹkan òun rí. Bí oníbàárà kan bá kó kúrò ládùúgbò, ojú ìwé rẹ̀ lè ṣì wà, kò sì dí alájọ lọ́wọ́, torí pé ojú ìwé ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń ṣí tààrà. Ẹ fa ogún ojú ìwé ya kí ìwé lè fúyẹ́, iṣẹ́ alájọ kò yá ju ti àná lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣèèṣì fa ti Ìyá Aláta ya, ìjà dé nìyẹn ní ìparí oṣù. Microsoft fúnra rẹ̀, tó ni ìwé yìí, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò ti lílo sọ́fítíwíà tó ń gbá registry lẹ́yìn, pé aburú rẹ̀ lè di kí a tún Windows gbé kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta ìgbálẹ̀ yìí, ìbẹ̀rù gan-an ni ọjà wọn. Ní oṣù Kejìlá 2008, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, FTC, gbé àwọn tó wà nídìí WinFixer, DriveCleaner àti ErrorSafe lọ sílé ẹjọ́. Àyẹ̀wò èké ni wọ́n ń fi han ènìyàn kí wọ́n lè ra oògùn rẹ̀, àwọn tí wọ́n sì fi tàn jẹ lé ní 1,000,000. Ní oṣù Kẹta 2019, àjọ yìí kan náà kéde pé iléeṣẹ́ Office Depot àti Support.com yóò san mílíọ̀nù 35 dọ́là láti fi parí ẹjọ́. Ẹ̀sùn tí FTC kà ni pé ètò kan tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà wò nínú ṣọ́ọ̀bù máa ń bi oníbàárà ní ìbéèrè mẹ́rin: ṣé ẹ̀rọ rẹ ń lọ́ra, ṣé ó ń ṣàdédé kú, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti fi àmì sí ẹyọ kan, ètò náà á ní òun rí àpẹẹrẹ fáírọ́ọ̀sì, ohun yòówù tó bá wà nínú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà ni wọ́n ń tà padà fún un.

Kódà agbálẹ̀ tó lórúkọ rere lè gbé ẹrẹ̀ wọlé. CCleaner, tí Piriform ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù nínú irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ Avast ra Piriform ní oṣù Keje 2017. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, CCleaner 5.33 jáde láti iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀, òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ sì wà lára rẹ̀, láìmọ̀ pé àwọn olè ti wọ inú iléeṣẹ́ náà, wọ́n sì ti fi tiwọn kún un. Kọ̀ǹpútà bíi 2,270,000 ló gbà á kí àṣírí tó tú ní oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò ṣe àìgbọràn kankan: wọ́n gba ojúlówó níbi tó yẹ kí wọ́n ti gbà á. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí a bá fún ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá, ó yẹ kí a mọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀.

Kí wá ni ká ṣe sí ẹ̀rọ tó jí ṣùgbọ́n tó ń wọ́ ẹsẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ìlọ́ra yàtọ̀ sí àìsàn. Ẹni tó bá ti dàgbà mọ èyí lára ara rẹ̀. Ẹ ṣí Task Manager. Láti Windows 8 ní 2012 ni wọ́n ti kó àwọn tó ń bá kọ̀ǹpútà jí síbẹ̀, lábẹ́ Startup. Ṣáájú ìgbà náà, inú msconfig ni wọ́n wà láti Windows 98. Ẹ ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò nílò láàárọ̀, ẹ dá a dúró. Kò kú, kò sì sọnù, ó kàn di ìgbà tí ẹ bá pè é. Ẹ yọ ètò tí ẹ ò lò mọ́ kúrò láti inú Settings, torí pé ẹni tó pa àwòrán rẹ̀ rẹ́ lójú gíláàsì kò tíì yọ nǹkan kan. Ẹ máa lo Restart lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: láti Windows 8, Shut down sábà máa ń tọ́jú apá kan Windows pamọ́ kó lè tètè jí, nítorí náà Restart ló ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ní àkọ̀tun. Kí ẹ sì jẹ́ kí oníṣẹ́ tú ekuru inú fáànù dànù lẹ́yìn ọyẹ́, torí pé ẹ̀rọ tí ooru bá mú máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí tán tó ṣì ń wọ́, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ló ju agbára rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń lò nílé jẹ́ tòkunbọ̀. Wọ́n ti sin ọ́fíìsì kan lókè òkun kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. SSD, tí kò ní àwo tó ń yí, tí a bá fi rọ́pò hard disk àtijọ́, pẹ̀lú RAM díẹ̀ sí i, ń ṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ohun tí ìgbálẹ̀ kankan kò lè ṣe. Ká má sì gbàgbé pé Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní 14 oṣù Kẹwàá 2025. Gbígbá a mọ́ lójoojúmọ́ kò ní dí ihò ààbò tí wọn ò bá dí mọ́.

Nípa fọ́ọ̀mátì, mi ò ní sọ pé kò dára. Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn. Àmọ́ ó yẹ kó jẹ́ òpin ọ̀nà, kì í ṣe ẹnubodè. Àwòrán ìsìnkú ìyá ẹni, ìwé àdéhùn ilẹ̀, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ ní yunifásítì: ìwọ̀nyí ló ń bá a lọ, oníṣẹ́ tó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ fọ́ọ̀mátì kò sì ní bá yín sunkún. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ ní ẹ̀dà kan lórí hard disk mìíràn tí kì í wà lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tún fi òmíràn síbi tó jìnnà sílé.

Nítorí náà, bí ọmọ bá wá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà kò ṣiṣẹ́, ẹ má tíì bá a wá oògùn. Ẹ ní kó tan án lójú yín, kó máa ròyìn ohun tó ń rí àti ohun tó ń gbọ́, kó sì kọ ọ̀rọ̀ tó bá hàn lójú gíláàsì sílẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Bó bá tilẹ̀ di dandan kó gbé e lọ sí Ìkẹjà, òun kọ́ ni wọ́n máa sọ fún pé pátákó ti jóná nígbà tó jẹ́ pé RAM ló mì. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé àìsàn ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń bá oníṣẹ́ dúnàá-dúrà; ẹni tí kò lè ṣàlàyé, iye tí wọ́n bá pè ló ń san.